Ìdí Tí Akọ Oyin Kò Fi Ní Baba

Nígbà láéláé, kò sí ọmọ oyin tí kò ní ìdì òwú méjì nínú ara. Ìyá ń fún un ní ọ̀kan, baba ń fún un ní ìkejì. Fọ́nrán mẹ́rìndínlógún ló wà nínú ìdì kọ̀ọ̀kan. Inú wọn ni gbogbo bí ọmọ náà yóò ṣe rí wà.

Bí ìyá bá ti yé ẹyin sínú yàrá afárá, baba gbọ́dọ̀ gbé ìdì tirẹ̀ wá kí àwọn òṣìṣẹ́ tó fi ìda dí ilẹ̀kùn.

Àbẹ̀bí ni ayaba ilé oyin kan nínú ihò igi ìrókò. Ìṣọ̀lá ọkọ rẹ̀, ọ̀lẹ paraku ni. Kì í lọ sí ìdí òdòdó, kì í mọ afárá, oyin ló ń lá ṣáá. Bí Àbẹ̀bí bá yé ẹyin obìnrin, kíá ni Ìṣọ̀lá yóò gbé ìdì wá, torí ọmọbìnrin ni yóò wá oúnjẹ fún un.

Lọ́jọ́ kan, Àbẹ̀bí yé ẹyin ọkùnrin. Ó ránṣẹ́ sí Ìṣọ̀lá, kò wá. Ó tún ránṣẹ́, Ìṣọ̀lá ní òun ń jẹun. Ìda ti ń gbẹ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n sì ń sọ ọ́ pé ọmọ onídì kan kò lè yè. Inú bí Àbẹ̀bí. Ó gbéra, ó lọ bá ọkọ rẹ̀, ó bi í pé kí ni ọmọ tí wọn ò tíì bí fi ṣe é.

“Ọkùnrin ni,” Ìṣọ̀lá fèsì, kò tilẹ̀ gbé ẹnu kúrò nínú oyin. “Bó bá dàgbà, yóò bá mi lá oyin mi. Kó kú síbẹ̀.”

Ẹ gbọ́ ohun tó jáde lẹ́nu baba ọmọ! Èmi tí mò ń sọ ọ́, inú ṣì ń bí mi.

Àbẹ̀bí kò bá a jiyàn mọ́. Ó di àpò ìdì tó so mọ́ ikùn Ìṣọ̀lá mú, ó fà á já, ọkùnrin náà ṣubú, ó kú. Àbẹ̀bí gbé àpò náà mì.

Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀ ẹ́ títí pé kó mú ìdì kan níbẹ̀ fún ọmọ náà, kó má baà kú.

“Ẹni tó kọ ọmọ mi, ọmọ mi náà kọ̀ ọ́,” ló wí. “Àwọn ọmọbìnrin ni n ó máa ṣí àpò yìí fún. Ẹ dí ilẹ̀kùn.”

Wọ́n dí i. Ìgbà náà ni ẹ̀rù ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń ba Àbẹ̀bí. Ó ń lọ, ó ń bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá náà, kò lè jẹun. Lọ́jọ́ kẹrìnlélógún, ìda sán. Ọmọkùnrin jáde, ó sígbọnlẹ̀, ojú rẹ̀ rí rogodo. Ìdì kan ṣoṣo ló gbé wáyé.

Láti ọjọ́ náà ni abo oyin ti ń ní ìdì méjì, tí akọ oyin sì ń ní ẹyọ kan, ti ìyá rẹ̀. Bí ẹ bá rí akọ oyin, ẹ má bi í léèrè baba rẹ̀. Ó ní baba ìyá, ṣùgbọ́n kò ní baba.