Ọ̀gá Akọrin àti Àwo Gìtá Ọmọ Rẹ̀

Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tí etí rẹ̀ mú ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ogójì ọdún ni ó fi jẹ́ ọ̀gá akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì ìlú rẹ̀. Bí ogún ènìyàn bá ń kọrin pọ̀, tí ẹnì kan ṣoṣo ṣì í, ojú ẹni náà gan-an ni yóò wò. Kì í pariwo mọ́ ènìyàn. Wíwò yẹn ti tó. Ṣùgbọ́n bí ó bá mi orí sí ọ lẹ́ẹ̀kan péré, o lè fi ọ̀sẹ̀ kan yọ̀.

Ó bí ọmọkùnrin kan, gìtá sì ni ọmọ náà yàn láàyò. Èmi náà ti gbọ́ àwọn tó ń ta gìtá, mo mọ ohun tí mò ń sọ: ọmọ yìí mọ̀ ọ́n ta kọjá ààlà. Ìbàdàn ni ó ń gbé. Ọdún méje ni ó fi ṣe àwo kan. Orin mẹ́jọ ló wà nínú rẹ̀, orin òyìnbó tí wọ́n ń pè ní jáàsì àti rọ́ọ̀kì ni ó pò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò kọrin níbẹ̀, gìtá ló ń sọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí àwo náà jáde, àwọn kan ní ó dùn, àwọn mìíràn ń bèèrè ìgbà tí olórin máa wọlé. Ọmọ náà kò ka ti ẹnikẹ́ni sí. Etí kan ṣoṣo ni ó ń dúró dè. Ó ti pinnu lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí bàbá òun bá ní ó dára, òun á máa bá a lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun á wá nǹkan mìíràn ṣe.

Ó gbé àwo náà lọ sílé fúnra rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀, ó ní, "Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbọ́ ọ. Ohun tí etí yín bá sọ ni mo fẹ́ mọ̀."

Wọ́n jókòó sí pálọ̀. Ní orin àkọ́kọ́, ọ̀gá akọrin ń fi ìka kan lu itan rẹ̀ jẹ́jẹ́. Ní orin kejì, ìka náà dúró, nítorí ìlù ibẹ̀ ń yí padà lọ́nà tí kò gbọ́ rí, síbẹ̀ kò ṣìnà. Nígbà tó di ẹ̀kẹta, gìtá sáré, ó sáré bí òjò tó ń rọ̀ sórí páànù, ó wá dákẹ́ lójijì, ó ku ohùn kan ṣoṣo tó ń gbọ̀n. Omi lé sí bàbá lójú. Ó dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Kò sí ohun tó ṣe ewúrẹ́. Ẹ̀yìnkùlé ni ó dúró sí tí ó ti gbọ́ ìyókù, ó ń fi etí ẹ̀wù nu ojú, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé irú ọmọ yìí ti ara òun wá.

Nígbà tó padà wọlé, àwo ti tán. Ọmọ ń wo ẹnu rẹ̀. Bàbá wúkọ́, ó ní, "Ìbẹ̀rẹ̀ orin kẹrin yá jù díẹ̀." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ìyá rẹ ti gbé oúnjẹ kalẹ̀." Gbogbo ohun tó sọ nìyẹn.

Má rò pé ọkàn rẹ̀ le. Òwe tí bàbá tirẹ̀ fi tọ́ ọ ni ó ń tẹ̀lé: a kì í yin ọmọ lójú ara rẹ̀, ìfàsẹ́yìn ní ń mú wá. Nígbà tí ọmọ padà sí Ìbàdàn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni ìyìn ti bẹ̀rẹ̀. Ó gbé àwo náà lọ bá àwọn akọrin rẹ̀, ó ní kí wọ́n jókòó. "Ẹ má dúró de ẹni tó máa kọrin, kò sí. Ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́ níbí. Ìdákẹ́ yẹn wà lára orin." Ó sọ fún àlùfáà. Ó sọ fún onígbàjámọ̀ títí onígbàjámọ̀ fi bẹ̀ ẹ́ pé òun ti gbọ́, kí ó jẹ́ kí òun fá orí. Gbogbo ìlú ló mọ̀ pé ọ̀gá akọrin ń fi ọmọ rẹ̀ yangàn, àfi ọmọ náà.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ẹ pè é, kí ẹ sọ ọ́ fún un." Ó ní rárá, pé yóò ba ọmọ jẹ́, kí òun náà má sọ ọ́.

Obìnrin náà ní, "Ẹni ogójì ọdún ni ìyìn fẹ́ bà jẹ́?"

Bàbá ní bó bá ti ṣe àwo kejì, òun á sọ gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ó ń tọ́jú ìyìn náà pamọ́ bí aṣọ ọdún.

Àwo kejì kò dé. Ọdún mẹ́fà kọjá. Bàbá wọkọ̀, ó lọ sí Ìbàdàn. Kò rí gìtá kankan nílé ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba ni ọmọ ń ṣe, ó ti sanra díẹ̀. Bàbá bèèrè àwo kejì. Ọmọ rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́, ó ní, "Bàbá mi, mo ti fi gìtá sílẹ̀ láti ọjọ́ yẹn. Mo mọ̀ pé kí ojú má baà tì mí ni ẹ fi dá ọ̀rọ̀ oúnjẹ sílẹ̀. Etí yín kì í parọ́."

Bàbá tú gbogbo rẹ̀ jáde. Ó mú orin mẹ́jọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wọ òun lára, ó sọ ti ewúrẹ́, ó sọ ti omijé. Ọmọ ń gbọ́, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ àárín orúnkún. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó ta gìtá kí òun gbọ́. Wọ́n yá gìtá lọ́wọ́ aládùúgbò kan, ó sì gbìyànjú orin kẹta. Ibi tó ti le lórí ìka rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti rọ̀, okùn gìtá ń gé e lọ́wọ́. Ó dé ibi tí orin ti ń sáré, ìka kò tẹ̀lé e mọ́. Ó tún un bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló tún dúró sí. Ó rọra gbé gìtá sílẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣeun, bàbá mi. Inú mi dùn pé mo gbọ́ ọ." Ó bú sẹ́kún, bàbá náà sì ń sunkún.

N kò sọ pé òwe yẹn purọ́. Ọmọ tí a ń yìn láàárọ̀ lálẹ́ lè bàjẹ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èyí tí ebi ìyìn ń pa yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀, kò sì ní bínú sí ẹnikẹ́ni, ìyẹn ló tún dunni jù.

Ọláìtán, ìwọ tí a jọ jókòó níbí, ìwọ ni mò ń bá wí. Mo mọ ẹni tó rán ẹ̀wù tí o wọ̀ yìí. Láti àárọ̀ ni o ti ń fi iṣẹ́ ọrùn rẹ̀ hàn wá lọ́kọ̀ọ̀kan, tí o ní kí a wá wo bí abẹ́rẹ́ ṣe rìn. Ọmọ rẹ obìnrin tó wà nílé ìdáná yẹn ni. Ọjọ́ tó gbé e wá fún ọ, ohun tó gbọ́ lẹ́nu rẹ ni pé apá ọ̀tún gùn jù. Má ṣàlàyé fún mi. Dìde, lọ bá a, kí o sọ ọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó ṣì ń ránṣọ.