Fáyà Tí Ajẹ́lẹ̀ Pè
Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó kan ní kí àwọn ará Òkè-Ìgbín kó kúrò lórí ilẹ̀ baba wọn. Wọ́n jókòó tọmọtọmọ sójú ọ̀nà, wọ́n kọ̀. Ó kó àwọn akódà oníbọn tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì wá, ó pariwo pé, “Fáyà!” Fátókun ògbufọ̀ mọ̀ pé ìbọn ló ní kí wọ́n yìn. Ṣùgbọ́n ó kígbe pé, “Iná o! Ilé ajẹ́lẹ̀ ń jó! Ẹ gbé omi!” Àwọn akódà ju ìbọn sílẹ̀, wọ́n sáré, àwọn ará ìlú wọ igbó. Ajẹ́lẹ̀ fa Fátókun láṣọ: “Ṣé ohun tí mo wí nìyẹn?” “Ọ̀gá, fáyà lẹ máa ń pè bí òtútù bá mú yín, iná la sì ń dá fún yín.” Wọ́n lé Fátókun lẹ́nu iṣẹ́, ilẹ̀ náà sì bọ́ mọ́ ìlú lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọn kò gbẹ́ sàárè kankan.