Ọbẹ̀ tí Ìbídùn Sè fún Ìyá Ọkọ Rẹ̀

Ìbídùn kò tíì lo oṣù mẹ́ta nílé ọkọ tí àwọn obìnrin abà Ìdí-Ọ̀sàn fi ń fi òun àti ìyá ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́. "Ta ni Àjíbóyè tilẹ̀ fẹ́ ìyàwó yìí fún, ara rẹ̀ ni àbí ìyá rẹ̀?" Ìbídùn a kàn rẹ́rìn-ín, a sì gbé omi ìwẹ̀ fún ìyá.

Nígbà tí ọyẹ́ dé, àyà ìyá dí pa. Agbára káká ló fi ń mí, oúnjẹ kò sì wọ ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù ba Ìbídùn pé ìyá fẹ́ lọ.

"Ìyàwó mi," ni ìyá wí, "igi àjèjì kan wà létí àkùrọ̀ wa, bàbá ọkọ rẹ ló gbìn ín. Ewé rẹ̀ nìkan ló máa ń tú àyà mi sílẹ̀. Èèpo rẹ̀ a máa bó bí ejò ṣe ń bọ́ awọ. Ewé rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó tẹ̀ bí dòjé, ó sì dorí kodò. Já a wá."

Igi náà ni a ń pè ní yukalíptọ́ọ̀sì lónìí. Ìbídùn sáré lọ, àmọ́ kùkùté ló bá, èèpo tó bó sì wà nílẹ̀ yí i ká. Àjíbóyè ti gé e ṣe òpó àká, láìmọ̀ pé oògùn ìyá òun ni. Ìbídùn sunkún títí imú rẹ̀ fi dí. Ó wá rí ewé róbótó kan tó hù nídìí kùkùté náà, tó tutù yọ̀yọ̀. Ó ní bí òun kò tilẹ̀ rí oògùn, òun á se ọbẹ̀ gbígbóná fún ìyá. Ló bá já a.

Bí ìkòkò ṣe hó, òórùn líle gba gbogbo ilé. Ìyá húkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó mí kanlẹ̀, ó dìde jókòó.

"Ìbídùn! O rí igi náà!"

"Rárá o, ìyá. Ẹ má bínú, ọmọ yín ti gé e. Ẹ̀fọ́ kan tó hù nídìí rẹ̀ ni mo ń sè fún yín."

Ìyá ní kó mú ewé kan wá kí òun wò ó. Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀fọ́ kẹ̀! Igi yìí náà ni. Róbótó ni ewé rẹ̀ nígbà èwe, ìgbà tó bá dàgbà ló ń gùn. Gbé ìkòkò wá, kí o da aṣọ bò mí. Ooru rẹ̀ là ń fà símú, a kì í jẹ ẹ́; kí ẹnikẹ́ni má tọ́ ọ wò o!"

Ìyá ń fa ooru ìkòkò náà símú títí àyà rẹ̀ fi fúyẹ́. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó fi ẹ̀gún ṣọgbà yí kùkùté náà ká. Láti ọjọ́ náà, bí Ìbídùn bá ti gbé oúnjẹ dé, ìyá a fà á mọ́ra, a ní, "Ìyàwó mi àtàtà, ṣé ẹ̀fọ́ ni lónìí, àbí oògùn?"

Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé: Ọmọ kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́.