Ìdí tí Kànrìnkàn Òkun fi Jókòó, tí Agboòrùn Omi fi ń Rìn

“Ààlọ́ o!”

“Ààlọ̀!”

Àlọ́ mi já wọ́ọ́, ó rì sí ìsàlẹ̀ òkun, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń mì lórí iyanrìn bí ẹni ń tòògbé.

Kànrìnkàn Òkun ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú àbúrò rẹ̀, Agboòrùn Omi. Nígbà náà, ara wọn rí bákan náà: àpò rírọ̀ ni wọ́n, ẹnu kan ṣoṣo ló wà lókè. Oúnjẹ wẹ́wẹ́ a máa bá omi wá. Ẹ̀gbọ́n a kọ́kọ́ jẹ, nítorí òun ni àgbà. Díẹ̀ tó bá kù ni ti àbúrò.

Ebi pa Agboòrùn títí. Lọ́jọ́ kan, ó léfòó dé èbúté, ó rí àwọn obìnrin tí ń sẹ́ ògì. Ó wo omi funfun tí ń ro sínú ìkòkò. Kò wo inú asẹ́.

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣa ẹ̀gún ẹja, ó so wọ́n mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, ó so okùn mọ́ etí ara rẹ̀ yíká.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ooru. Ṣé kí n dá ihò wẹ́wẹ́ sí yín lára, kí omi tútù máa fẹ́ yín nínú?”

“Ṣé kò ní dùn mí?”

“Bí ẹni ń họ ẹ̀yìn ni.”

“Rọra o. Inú rere wo ló bá ọ lónìí?”

Kànrìnkàn dijú. Ẹ̀gún ń wọlé, tín-ín, tín-ín. Nígbà tó lajú, gbogbo ara rẹ̀ ti di ihò. Àbúrò ti dorí kodò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó la ẹnu sílẹ̀, ó ń dúró de oúnjẹ tí yóò jò sórí iyanrìn.

Ẹ̀rù ba Kànrìnkàn. Ó rò pé ebi ni yóò pa òun. Ṣùgbọ́n omi nìkan ló ń jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ti sẹ́ ògì rí, kí ló ń kù sínú asẹ́?

“Èérí!”

Kànrìnkàn tẹ́tí sí inú ara rẹ̀, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Omi ń gba ihò wọlé o,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*
Omi ń gba orí jáde o,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*
Oúnjẹ ń sùn nílé mi o,
*Wẹ́rẹ́, omi, wẹ́rẹ́.*

“Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fún mi jẹ.”

“Sún mọ́ mi, kí o wá mú.”

Agboòrùn fẹ́ yí ẹnu sókè; ẹnu ti gan síbẹ̀. Ó fẹ́ tú okùn. Okùn ti di ẹran ara rẹ̀. Bó ti ń bọ̀, ẹ̀gún ta ẹja kékeré kan.

“Má dé ọ̀dọ̀ wa mọ́,” ni àwọn ẹja wí, wọ́n sì lé e.

Kànrìnkàn kò lè dìde lọ bá a. Ara tó ti di ihò kò lè léfòó mọ́; ibi tó jókòó sí ni omi ti ń bọ́ ọ.

Láti ìgbà náà, Agboòrùn ń ṣí, ó ń pa, ó ń ṣí, ó ń pa, bí agboòrùn ẹni tí kò mọ̀ bóyá òjò ti dá. Bó bá kọjá lókè, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ a ní:

“Ṣé o ti jẹun?”

Omi a ti gbé e lọ kó tó dáhùn.

Ibi tí omi gbé àlọ́ mi dé nìyí. Bí mo bá purọ́, kí ẹ tọ́ òkun wò lọ́la, kí ẹ má bá iyọ̀ nínú rẹ̀.