Balùwẹ̀ Ọba Tó Gbẹ

Tolórí-tẹlẹ́mù ló ń pa á lówe pé odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Ẹ̀yin ọlọ́gbọ́n, ẹ dá mi lóhùn: odò ní ọpọlọ tó fi ń gbàgbé ni? Ẹ gbọ́ bó ṣe jẹ́.

Ní ilẹ̀ àwọn Ìnká, lórí òkè réré, wọ́n fi òkúta gbígbẹ́ kọ́ balùwẹ̀ tí ọba wọn ti ń wẹ ìwẹ̀ ọdún, kí ìlú lè tòrò. Láti orísun lókè ni omi ti ń gba gọ́tà olókùúta wá síbẹ̀. Rímákì ni alábòójútó. Àṣà wọn ni pé kí ọba tó wá, alábòójútó fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ọkọ́ lọ sí orísun, tí yóò kọ́kọ́ ro gọ́tà náà, kí àwọn yòókù tó dá sí i.

Wàhálà ọ̀gá wa ni pé ẹ̀gbẹ́ orísun gan-an ni ahéré tí wọ́n bí i sí wà, ó sì ti sọ fún gbogbo ààfin pé ọmọ ìjòyè lòun. Gbajúmọ̀! Ló bá fagi lé ríro ọdún yẹn. Ó ní omi ọba kò wá ọkọ́ àgbẹ̀.

Sísà, ìyá rẹ̀, sọ̀ kalẹ̀ wá bá a níwájú àwọn ìjòyè.

"Ọmọ mi, koríko ti ń dí ojú omi o. Gbé ọkọ́, ká lọ."

Rímákì wo ìyá tó bí i lókè délẹ̀. "Ta ni ìyá yìí? Ẹ bù ú ní àgbàdo, kó máa lọ."

Ọlọ́làwọ́ ọmọ! Sísà kò gba àgbàdo. Ó ń sunkún gòkè lọ.

Ọjọ́ ìwẹ̀ pé. Ọba bọ́ṣọ, ó dúró de omi. Omi kán, ó tún kán, ló bá dá. Òtútù òkè wá ń bá ọba wí lójú gbogbo ìlú.

Ikú ni ìjìyà alábòójútó tó bá ba ìwẹ̀ jẹ́, àfi tí ará ilé rẹ̀ kan bá ṣe onídùúró fún un.

"Ta ni èèyàn rẹ?" Ọba ló bi Rímákì bẹ́ẹ̀.

Àwọn ìjòyè tó ń pè ní ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀. Sísà wà láàárín èrò. Ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fi ẹnu ara rẹ̀ pe òun ní ìyá.

Rímákì nawọ́ sí Sísà. "Kábíyèsí, ìyá mi nìyẹn. Inú ahéré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orísun ló bí mi sí."

Sísà jáde, ó kúnlẹ̀. "Kábíyèsí, èmi ni mo bí i. Ẹ má pa á. Ọkọ́ ni kí ẹ fún un."

Bí ọmọ ìjòyè ṣe wọ aṣọ oyè ro gọ́tà nìyẹn, tí ìyá rẹ̀ jókòó sórí òkúta, tó ń tọ́ka sí gbogbo ibi tó bá fò. Omi dé, ọba wẹ̀. Àwọn ará òkè tó wá wòran ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. Rímákì ni wọ́n sì kọjú sí tí wọ́n fi ń sọ ọ́.