Ìdílẹ̀kẹ̀ Méjì àti Alákàá Inú Kọ̀ǹpútà

A ṣèlérí tọkàntọkàn, níwájú gbogbo àgbà tó jókòó, pé ìtàn yìí kò ní gùn. Bí ó bá gùn, ẹ̀wà ló fà á, nítorí ẹ̀wà kì í tètè jinná.

Mojíròlá ni ìyàwó tó kéré jù ní Ilé Aláró. Gẹ́gẹ́ bí ìyàwó tí a kọ́ nílé, kò jẹ́ pe ọmọ ọkọ kankan lórúkọ. Orúkọ tí àwọn ìyàwó ilé fún wọn lòun náà ń pè. Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ni wọ́n ń pe àbúrò ọkọ rẹ̀ ọkùnrin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ ló fi ń wọ ẹnu ọ̀nà. Ìdílẹ̀kẹ̀ ni wọ́n ń pe èyí obìnrin, télọ̀ kan tí kì í jókòó síbì kan.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni Mojíròlá ń ṣe. Ohùn àwọn àgbà ìlú oríṣiríṣi ló ń gbà sílẹ̀, tó ń kó pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà ńlá kan tó wà ní pálọ̀. Kí ohùn ìlú kan má baà dà pọ̀ mọ́ ti ìkejì, ó pín inú rẹ̀ sí yàrá yàrá, ìlú kọ̀ọ̀kan sì ní tirẹ̀. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tó ń ṣiṣẹ́ nínú yàrá ní nọ́ńbà: èyí tó bá kọ́kọ́ jí ni ìkíní, èyí tó tẹ̀lé e ni ìkejì, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo yàrá ló ní ìkíní tirẹ̀, bí gbogbo ilé ṣe ní àkọ́bí. Ṣùgbọ́n ní òde, níbi tí a ti ń rí gbogbo yàrá lẹ́ẹ̀kan náà, nọ́ńbà mìíràn ni ètò kan náà ń jẹ́.

Òde yìí ni Mojíròlá fi Alákàá sí. Ètò tó fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ni, láti máa ṣọ́ àká ohùn. Ẹni tó bá fẹ́ fáìlì, ọ̀dọ̀ Alákàá ni yóò ti tọrọ. Alákàá kì í ṣe ọba kọ̀ǹpútà; ètò lásán bíi tàwọn yòókù ni, àfi pé kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹ sì mọ bí ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ṣe máa ń ṣe. Bí ètò kan bá di fáìlì mú tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn rí i lò, ẹlòmíràn náà a fi nọ́ńbà rẹ̀ fẹjọ́ sun Alákàá, Alákàá a sì lé e síta.

Ìyá Àgbà nìkan ló kù tó mọ oríkì Ilé Aláró délẹ̀. Ìyàwó lòun náà nínú ilé ọ̀hún, ìyàwó ní í sì í mọ oríkì ilé ju ọmọ ilé lọ. Ó jókòó níwájú ẹ̀rọ, ó ń kì wọ́n bọ̀. Bó ṣe dé orí “ọmọ a-da-aró-sódò, tí ẹja inú omi ń wọ ẹtù,” ẹ̀rọ dákẹ́. Mojíròlá pa kọ̀ǹpútà, ó tún un tàn. Ìyá Àgbà tún bẹ̀rẹ̀. Ní orí ẹja náà, ẹ̀rọ tún dákẹ́.

“Ìyàwó,” ni Ìyá Àgbà wí, “ṣé ẹ̀rọ rẹ kì í jẹ ẹja ni?”

“Ẹ má bínú, Ìyá Àgbà. N kò tíì mọ ohun tó ń ṣe é.”

“Ó dáa. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló kù nínú ọ̀fun mi. N ó jẹ ẹ̀wà, n ó sọ ọ́, ó parí. Bó bá tún dákẹ́, kí ẹ bi mí léyìí tó kù ní ọ̀run.”

Ìdílẹ̀kẹ̀ gbé ẹ̀wà kaná. Mojíròlá dojú kọ kọ̀ǹpútà. Alákàá fi yé e pé ìkeje láti yàrá ìlú Òkè-Ìsẹ̀ ló di fáìlì mú, òun sì ti lé e síta. Mojíròlá wo yàrá Òkè-Ìsẹ̀. Ìkeje wà níbẹ̀, ó ń sùn, ó di fáìlì mú bí ọmọ ṣe ń di ọmú mú. Ta wá ni Alákàá lé?

Òórùn ló dá a lóhùn. Ẹ̀wà ti ń jóná. Ìdílẹ̀kẹ̀ ti lọ dirun ní Ilé Ọlọ́nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Mojíròlá sáré débẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó pariwo:

“Ẹ bá mi sọ fún Ìdílẹ̀kẹ̀ pé ẹ̀wà rẹ̀ ti di èédú o! Kó tètè wá fọ ìkòkò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, n ó la ọwọ́ mọ́ ìdí náà, ìlẹ̀kẹ̀ á fọ́n ká!”

Aṣọ ẹnu ọ̀nà ká sókè, arúgbó kan yọ tòun tọ̀pá.

“Ìdí ta ni?”

Àgbà ọmọ Ilé Ọlọ́nà ni. Láti ìgbà tí ìlẹ̀kẹ̀ ti yẹ ìdí náà ni àwọn ìyàwó ilé rẹ̀ ti ń pè é ní Ìdílẹ̀kẹ̀, kò sì sí ẹni tó gba orúkọ náà padà.

Mojíròlá kúnlẹ̀ gbì. “Ẹ jọ̀ọ́, mà! Ìdílẹ̀kẹ̀ ilé wa ni mò ń pè.”

“Ilé ta lo dúró sí?”

“Ilé yín ni, mà.”

“Ta ni Ìdílẹ̀kẹ̀ níbí?”

“Ẹ̀yin ni, mà.”

“Èmi kò gbé ẹ̀wà kaná. Ṣùgbọ́n bó o bá fẹ́ lù mí, sún mọ́bí, kí n fi ọ̀pá yìí ràn ọ́ lọ́wọ́.”

Lẹ́yìn rẹ̀, Ìdílẹ̀kẹ̀ Ilé Aláró ti fara ti ògiri, ìlàjì orí ní dídì, ẹ̀rín kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Mojíròlá kò tètè dìde lórí ìkúnlẹ̀. Ìyá náà rò pé ìrònúpìwàdà ni. Kì í ṣe òun. Ìkeje ló ń rò. Inú yàrá Òkè-Ìsẹ̀ ni ẹni tí wọ́n fẹjọ́ rẹ̀ sùn ti ń jẹ́ ìkeje. Alákàá kò béèrè yàrá. Ẹni tó ń jẹ́ ìkeje ní òde ló wá lọ, òun ló sì lé. Ẹni náà gan-an ni ètò tó ń gba ohùn Ìyá Àgbà sílẹ̀.

“Mà,” ló wí, “ẹ ṣeun púpọ̀,” ó sì fẹsẹ̀ fẹ.

“Orí ọmọ yìí pé ṣá?” ni ìyá náà bi ọ̀pá rẹ̀.

Ìdílẹ̀kẹ̀ gbé ẹ̀wà mìíràn kaná, ó sì jókòó tì í lọ́tẹ̀ yìí. Mojíròlá tún Alákàá kọ́. Bí wọ́n bá pe nọ́ńbà fún un, kó kọ́kọ́ béèrè yàrá tí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ. Kó mọ ẹni náà níbẹ̀, kó tó wádìí nọ́ńbà tí òde ń pè é. Ẹni tí kò bá rí láti òde, kó kà á sí òdo, kó má fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni. Ẹ̀wà àti Alákàá jọ jinná pọ̀ ni.

Ìyá Àgbà jẹun, ó nu ẹnu, ó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó dé orí ẹja, Mojíròlá di ẹsẹ̀ àga mú. Alákàá béèrè yàrá, ó mú ìkeje Òkè-Ìsẹ̀ lójú oorun, ó lé e. Ohùn Ìyá Àgbà ń lọ. Ó kọjá odò, ó dé orí àwọn tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò gbọ́ orúkọ wọn rí, títí tó fi kan ìyàwó tó kéré jù, tó sì ṣàdúrà fún un.

Wọ́n tẹ̀ ẹ́ fún un kó gbọ́. Ìyá Àgbà dẹtí.

“Obìnrin yìí mọ̀ ọ́n,” ló wí, “ṣùgbọ́n ó ń kánjú jù.” Ó wo Mojíròlá. “Kí ló ń ṣe ẹ̀rọ náà tẹ́lẹ̀?”

“Bí wọ́n bá dárúkọ fún un, Ìyá Àgbà, kì í wo ilé tí wọ́n ti ń jẹ́ ẹ.”

“Háà. Ó jọ ẹni tó lọ na ìdí arúgbó nílé onílé.”

Ìròyìn ti délé ṣáájú Mojíròlá.

Àwọn ọ̀mọ̀wé yóò ní òwe tí a fẹ́ fi parí ìtàn yìí ti wà kí iná mànàmáná tó dé. Ẹ má bá wọn jiyàn. Wọn kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ̀wà jóná. Ẹ sì jọ̀ọ́, kí ọ̀rọ̀ náà má ti àárín wa jáde, kó má baà tún dé Ilé Ọlọ́nà, nítorí ọ̀pá ìyá náà ṣì le. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ.