Ìjàpá àti Ààtàn Tó Ń Mí

Ẹ̀yin ọmọ, àlọ́ wà lẹ́nu mi o!
— Já a sílẹ̀, etí wa ṣí!
Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé èéfín tí kò níná, ó bà lé Ìjàpá, ọkọ Yánníbo.

Lọ́dún kan, èbù iṣu méje péré ló kù nílé Ìjàpá. Bí wọn kò bá ta, ebi ni yóò pa òun àti Yánníbo. Ilẹ̀ oko rẹ̀ sì ti ṣá, ó funfun bí eérú.

Ìgbín, aládùúgbò rẹ̀, ní tirẹ̀ kó ewé gbígbẹ, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti èèpo iṣu jọ, ó fi ṣe ààtàn. Láàárọ̀, ààtàn náà a máa rú èéfín wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni tó sùn tó ń mí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Ìgbín. Ẹ jẹ́ kí n bù díẹ̀ lọ sóko."

"Rárá, Ìjàpá. Kò tíì sinmi. Ẹlẹ́dàá tó dá ewé mọ ọjọ́ tí yóò padà di erùpẹ̀. Tó bá tutù, tó di ilẹ̀dú, wá, màá fún ọ."

"Àmín o!" ni Ìjàpá wí. Nínú ọkàn rẹ̀ ó ní, "Ṣé ìwàásù ni n ó sè jẹ?" Ó tún pè é: "Bàbá, ààtàn yín mà gbẹ o! Ẹ lọ pọnmi wá, màá bá yín lé adìẹ tó bá fẹ́ tú u."

Ìgbín wọ́ agbè rẹ̀ lọ sódò. Ìrìn Ìgbín! Àlọ àtàbọ̀, ọjọ́ mẹ́ta gbáko.

Kíá, Ìjàpá kó èbù méjèèje wá láti ilé, ó rì wọ́n mọ́ àárín ààtàn. "Bí ewé mi bá ti yọ, ta ló máa lé mi? A kì í hú iṣu oníṣu." Ó dùbúlẹ̀ lé ààtàn náà, kí olè má baà jí èbù rẹ̀. Ààtàn ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ lábẹ́ àyà rẹ̀. Oorun gbé e lọ títí di ọjọ́ kẹta.

Lójú àlá, iṣu ń wú lábẹ́ rẹ̀ bí ìkùukùu. Wọ́n gbé e kọjá orí ọ̀pẹ, wọ́n gbé e kọjá lékeléke, wọ́n ń kọrin:

Ta ló ni wá?
— Ìjàpá ni, tẹ̀rẹ̀nà!
Ta ni yóò jẹ wá?
— Ìjàpá ni, tẹ̀rẹ̀nà!

Òórùn iṣu sísè gba ojú ọ̀run kan. Ìjàpá la ẹnu...

"Yéè! Àyà mi o!"

Ooru ààtàn ti bó àyà rẹ̀. Ó tú ààtàn wò: èbù méjèèje ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná, wọ́n ń rùn. Ìgbín sì ti dé.

"Ìjàpá, kí lo ń sè?"

"Èbù mi ni, Bàbá. Mo ní kó tètè ta."

Ìgbín rọra da omi lé ààtàn. "Má sunkún. Ohun tó bá jẹrà níbí kì í sọnù. Iṣu tèmi ni yóò jẹ ẹ́. Mo gba ọrẹ rẹ."

Lọ́dún náà, iṣu Ìgbín tóbi bí itan ẹfọ̀n. Olú ni Ìjàpá àti Yánníbo ń ṣà kiri.

Ìdí rèé tí àgbẹ̀ fi ń ti ọwọ́ bọ ààtàn kó tó kó o sídìí iṣu. Èyí tó bá gbóná ṣì ń jẹun lọ́wọ́, yóò jẹ èbù mọ́ ewé. Èyí tó bá tutù ti yó. Òun ló ń bọ́ iṣu.

Ibi tí àlọ́ mi jókòó sí nìyí. Bí mo bá bù mọ́ ọn, kí iṣu mi má ta o!
— Yóò ta, yóò sì tóbi!